Oòrùn kọ́ ni ooru: lórí ìwé ìrẹsì tí à ń túmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ wa.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí ìwé pélébé tí ẹnì kan nínú wa ń túmọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ onírẹsì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ní ó ń yọ òun lẹ́nu: bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tàbí tutù sí, ìmọ́lẹ̀, àsìkò tí hóró ìrẹsì ń kún nínú èèpo rẹ̀, àti funfun kan tó máa ń wà nínú hóró mìíràn. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lóhùn pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó kọ "agbára oòrùn" fún méjì àkọ́kọ́, torí pé àgbẹ̀ kì í ya ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbóná rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀.

Àgbẹ̀ ń yà á sọ́tọ̀. Gbogbo wa la ń yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó dúró sí gbangba lọ́sàn-án á ní "oòrùn ń pa mí". Ẹni tó sùn sí yàrá tí iná ti lọ, tí fáànù ò yí, "ooru ń mú mi" ló máa sọ, láago méjì òru tí oòrùn kankan ò sí níbẹ̀. Èdè wa ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀ dè wá. Bí a bá wá pa méjèèjì pọ̀, ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni ìwé náà á máa sọ, torí pé ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe fún ìrẹsì àti ohun tí ooru ń ṣe sí i ò bára wọn mu.

Lẹ́yìn tí ìrẹsì bá ti tanná, ewé rẹ̀ á máa fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ ránṣẹ́ sínú hóró. Èyí tó pọ̀ jù nínú sítáàṣì tí à ń jẹ, ẹ̀yìn ìtànná ni ìrẹsì ń ṣe é. Ìyókù ni èyí tí pòròpórò rẹ̀ ti kó pamọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ìkùukùu bá wá bo ojú ọ̀run lásìkò yẹn, hóró á fúyẹ́, òmíràn ò ní kún kọjá àbọ̀. Ìdí nìyí tí ìrẹsì ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá rí omi mu, fi máa ń so ju ti ìgbà òjò lọ ní Los Baños, ní ilẹ̀ Philippines, níbi tí wọ́n dá IRRI, ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, sílẹ̀ sí ní 1960. Ooru ní tirẹ̀ ń kán ìrẹsì lójú ni. Nílẹ̀ olóoru, nǹkan bí 30 ọjọ́ ni hóró fi ń kún. Bí ooru bá ti pọ̀ jù, ọjọ́ yẹn á dín kù, hóró á gbẹ kó tó yó.

Òru ni "agbára oòrùn" ti ṣubú pátápátá. Ní 2004, àwọn onímọ̀ kan ní IRRI gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Wọ́n wo bí ojú ọjọ́ Los Baños ṣe rí láti 1979 sí 2003, wọ́n sì fi wé ohun tí oko wọn ń so. Wọ́n rí i pé bí òru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá fi 1°C gbóná sí i, ìkórè á fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ooru ọ̀sán ò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìṣirò yẹn. Báwo la ṣe fẹ́ kọ ọ́? "Agbára oòrùn òru"? Ẹni tó bá kà á á ní a ti mu ẹmu yó. "Ooru òru" ló tọ́, ó tiẹ̀ dùn lẹ́nu.

Fún dídíwọ̀n rẹ̀, "ìwọ̀n ooru" ni mo fara mọ́. Mo mọ̀ pé "ìwọ̀n ìgbóná" ló wọ́pọ̀ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n létí àwọn àgbà, ìgbóná tó bá wọ ìlú, Ṣọ̀pọ̀ná ni. Ẹ kọ "ìgbóná mú ìrẹsì" kí ẹ wo iye arúgbó tó máa dìde kúrò ní ìpàdé. Ẹnì kan bèèrè pé báwo la ṣe fẹ́ fi ooru wọn òtútù. Bí a ṣe ń fi gíga wọn ẹni kúkúrú náà ni. Ní 1993 tí ìgbà ooru tutù ju bó ti yẹ lọ ní Japan, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ìrẹsì ò lè dàgbà, ìkórè gbogbo orílẹ̀-èdè náà já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n sì lọ ra ìrẹsì Thailand. "Ìwọ̀n ooru já sábẹ́ 20°C": kò sẹ́ni tí kò ní yé.

Nípa kíkún hóró, èmi ò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ tuntun. "Ìpọnmọ" tí àǹtí wa mú wá láti ara àgbàdo dára, àmọ́ àgbàdo ló ń pọnmọ. Orí ni ìrẹsì ń ru tirẹ̀ sí. "Ìkún-ọkà" ńkọ́? Bí àmì ohùn bá fò, ikún tó ń jẹ ọkà lóko làwọn èèyàn máa kà. Ẹ jẹ́ ká kọ "ìgbà tí hóró ń kún", ká máa lọ.

Funfun inú hóró ló gba sùúrù. Ẹ mú ìrẹsì tí wọn ò bọ̀ rí, ẹ gbé hóró kan sójú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó dára á mọ́ gaara bíi gíláàsì. Òmíràn á ní funfun kan nínú tí ìmọ́lẹ̀ ò lè là kọjá. Sítáàṣì ibẹ̀ ni kò kì papọ̀, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, á fọ́. Ẹni tó ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà lè má mọ̀ ọ́n, torí pé wọ́n máa ń rẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a kí wọ́n tó bó o, bíbọ̀ yẹn sì máa ń jẹ́ kí sítáàṣì náà lẹ̀ pọ̀.

Àwọn kan nínú yín ní ká pè é ní "hóró àìgbó". Kí n má parọ́, bí àwọn ará Japan ṣe ń pè é náà nìyẹn: hóró funfun tí kò gbó. Ó sì ń dùn wọ́n: bí ìpíndọ́gba ìwọ̀n ooru ọ̀sán àti òru bá ti ju 26 tàbí 27°C lọ ní nǹkan bí 20 ọjọ́ lẹ́yìn tí ìrẹsì yọ ṣírí, funfun yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní 2023, nínú Koshihikari, irú ìrẹsì kan tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Niigata ní Japan, èyí tó wọ ipò kìíní nígbà àyẹ̀wò kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Síbẹ̀, ní Japan yìí kan náà, àwọn tó ń pọn ọtí sake ń wá ìrẹsì tí funfun wà ní àárín rẹ̀. Yamada Nishiki, irú ìrẹsì ọtí kan tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1936, ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Ṣé a ó wá pe ìyẹn náà ní àìgbó?

"Ẹfun" ni tèmi: hóró ẹlẹ́fun. Ẹfun tí a fi ń kun ògiri, tí olórìṣà fi ń sàmì sára, a mọ àwọ̀ rẹ̀, a mọ̀ pé ó máa ń rún lọ́wọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Kí a má sì dà á pọ̀ mọ́ òfìfo. Bí ooru bá kọjá 35°C lásìkò tí òdòdó là, èèpo lásán ló máa kù. Ooru tó dé lẹ́yìn ìyẹn ló ń fa ẹfun.

Èyí tí mi ò tíì rí yanjú ni ibi tí ẹfun wà, torí ìwé náà yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹfun àárín, ẹfun ikùn, ẹfun ẹ̀yìn. Ìkẹrin wà nísàlẹ̀ hóró, bí a bá sì kọ "ẹfun ìdí", ẹ̀rín ni wọ́n máa fi gbogbo ìpàdé rín. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó fi ránṣẹ́ kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.