Ẹ̀yin ìyá àdúgbò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

ÌyáÌbejì: Ẹ kú ilé o. Olè ò jẹ́ ká sùn mọ́ ládùúgbò wa l'Álágbàdo, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èmi àtàwọn ọmọ nìkan la máa ń wà nílé. Àwa obìnrin fẹ́ máa ṣọ́nà fúnra wa, àwọn ọkùnrin kan ní kò tọ́. Ṣé ẹnì kan ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Àbẹ̀kẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ní April 2020 nígbà lọ́kídáànù Kòrónà, tí ìròyìn àwọn ọmọ ìta olè tí wọ́n ń pè ní One Million Boys gbòde, àwọn ọkùnrin ń dáná táyà ní jọ́ńṣọ̀n wa l'Ágége, ṣùgbọ́n àwa obìnrin náà ò sùn, ẹni tó bá gbúròó nǹkan á fi ṣíbí lu ọmọrí ìkòkò, ilé kejì á gbà á, títí dé òpin àdúgbò, ìyá oníṣu wá kó opó kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ sínú pálọ̀ ara ẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ara yín, ẹ ra fèrè. Ẹ má lọ kojú wọn o, ẹ̀mí ò láàrọ̀.

ỌmọẸ̀gbá: Ta ló ní kò tọ́? Lọ́dún 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló sùn síwájú ààfin l'Ábẹ̀òkúta pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti nítorí owó orí, ọlọ́pàá ò lè lé wọn, nígbà tó di January 1949 Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fi ìtẹ́ sílẹ̀.

ÌyáÌbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Lọ́la la máa lọ rí Báálẹ̀, mo ti ní kí opó tó wà lẹ́yìnkùlé wa wá sùn lọ́dọ̀ wa lálẹ́ òní.