Sony A7R V tàbí A9 III: èwo ni kí n mú fún eré ìje àti àwòrán ńlá?

Ẹ̀yin àgbà nídìí kámẹ́rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ya àwọn eléré ìje, kí n sì tún fi ya òkè àti odò tí a ó tẹ̀ sórí bébà tó fẹ̀ ní mítà kan.

Fún àwòrán ńlá, ọkàn mi fà sí A7R V. Megapixel 61 rẹ̀ (mílíọ̀nù 61 àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) á fún bébà náà ní nǹkan bí 240 dpi (iye àmì nínú ínṣì kan), 24.6 ti A9 III kò ju bí 150 lọ. Yàtọ̀ síyẹn, ISO A9 III (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀) bẹ̀rẹ̀ láti 250, kì í ṣe 100, ìyẹn ni pé ibi òjìji lè hu àmì wínníwínní bí iyanrìn (noise) tí a bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà.

Orí pápá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Tí A7R V bá ń lo shutter aláìlariwo (èyí tí kò ní irin tó ń ṣí tó ń pa dé), ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn ni sensor rẹ̀ (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀) ń ka àwòrán, nítorí náà ẹsẹ̀ tó ń sáré máa ń wọ́. Shutter onírin kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ fọ́tò 10 péré ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A9 III ń ka gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, títí dé fọ́tò 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì: tí mo bá to fọ́tò mẹ́rin láti A9 III pọ̀ lórí tripod, ṣé òjìji á mọ́ tó? Àbí 10 yẹn tó fún eré ìje?