Alákẹtẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ọ̀dàlẹ̀" gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ Yorùbá fún "doulos", ọ̀rọ̀ Faransé tí Jean-Pierre Melville fi sọ fíìmù rẹ̀ lórúkọ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1962. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí: lẹ́nu àwọn ọmọ ìta, fìlà ni, láàárín ọlọ́pàá àti ọ̀daràn, ẹni tó dé e ni, ìyẹn ẹni tó ń ta ọlọ́pàá lólobó. Kí èèyàn tó dalẹ̀, ó ti ní láti bá ẹnì kan mulẹ̀. Ta ni Silien, tí Jean-Paul Belmondo ṣe, bá mulẹ̀? Ọ̀rẹ́ Faugel olè ni, ọ̀rẹ́ Salignari ọlọ́pàá náà ni. Nínú ọ́fíìsì tí wọ́n fi gíláàsì yí ká, Clain, ọ̀gá ọlọ́pàá, ń fi ẹ̀sùn oògùn olóró halẹ̀ mọ́ ọn kó lè fi Faugel hàn. Ìran yẹn gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 9, Melville ò sì gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ń wò ó, a ò mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà. Ìgbà tí fíìmù ń parí lọ ló tó ṣàlàyé pé Thérèse, obìnrin Faugel, ló ta ọlọ́pàá lólobó. Tí a bá ti pe Silien ní ọ̀dàlẹ̀, a ti dá a lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

"Amí" náà ò bá a mu. Jóṣúà ló rán amí méjì lọ sí Jẹ́ríkò: àwọn èèyàn amí ló ń rán an, ìlú onílùú ló ń lọ yọ́ wò. Olófòófó ńkọ́? Àwọn àgbà ní òfófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ń gbà ju ọpẹ́ lọ: ara rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo mú wá. "Atanilólobó" fún ìtumọ̀ gan-an. Bí a ṣe hun "apanilẹ́rìn-ín" la ṣe hun ún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Fún orúkọ ìta, "alákẹtẹ̀". Gọ̀bì àti abetí ajá wa kì í bo ojú, àmọ́ etí àkẹtẹ̀ máa ń ṣíji bò ó, òun ló sì wà lórí Silien. Ní ìparí fíìmù, ìbọn ti bà á, ó ti ń kú lọ. Ó dúró níwájú dígí, ó tún àkẹtẹ̀ rẹ̀ ṣe dáadáa lórí, ó tó ṣubú.