Ìlà C jáde, àmọ́ kíìtì ibà ní kò sí ibà

Ìbéèrè láti Ọ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Páálí kíìtì àyẹ̀wò ibà kan dé wa láti Ìlọrin, 25 ló wà nínú ẹ̀. A ti lo 11. Ìlà C, èyí tó yẹ kó máa yọ yálà ibà wà tàbí kò sí, jáde lára gbogbo wọn, àmọ́ èèyàn mẹ́ta tí a rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lábẹ́ maikirosíkóòpù, kíìtì ní wọn ò ní ibà. Ṣé ìlà C kọ́ ló ń fi hàn pé kíìtì dára ni? Ta la máa fẹjọ́ sùn?

Bàbá Láàbù, Ìlọrin:
Rárá o. Omi bọ́fà, ìyẹn omi tí a ń kán sórí kíìtì lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, ṣàn débẹ̀, ohun tí C ń sọ nìyẹn. Ìlà T ló ń yọ bí ibà bá wà. Antibody ojú ìlà T tó ń mú HRP2 (purotéènì tí kòkòrò ibà falciparum ń ṣe) lè ti bàjẹ́ nínú ooru kí C ṣì máa yọ. Àwọn páálí kan kọ ọ́ sára pé 2 sí 30°C. Bóòtù mọ́tò tó wà lóòrùn ní oṣù kẹta ńkọ́? Ẹ bi ẹni tó tà á bó ṣe gbé e, àti ibi tó tọ́jú ẹ̀ sí.

Àǹtí Ọmú-Àrán:
Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó ṣe é ná. Ẹ̀jẹ̀ 5 µL péré, bọ́fà inú páálí yẹn gan-an, ẹ má yá ti páálí mìíràn. Tí ìwé ẹ̀ bá ní ìṣẹ́jú 15, ẹ má kà á ní ìṣẹ́jú 5. T tí kò hàn ketekete kì í tíì yọ nígbà yẹn. Ṣé falciparum lẹ rí? Kíìtì tó ń wá HRP2 nìkan kò lè mú oríṣi kòkòrò ibà mìíràn bíi malariae tàbí ovale, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Bàbá Láàbù, Ìlọrin:
Àǹtí sọ ọ́ dáadáa. Ẹ mú 4 nínú 14 tó kù, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí kòkòrò nínú ẹ̀ dán wọn wò, kí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ kan náà dán kíìtì lọ́ọ̀tì mìíràn (èyí tí wọn kò ṣe pọ̀ mọ́ tiyín) wò. Bí ti lọ́ọ̀tì mìíràn yẹn bá yọ T tí tiyín ò yọ, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ẹ di 10 yòókù pa, ẹ má dá gbogbo ẹ̀ padà fún ọlọ́jà, ẹ̀rí yín ni. Nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́, ọjọ́ tó wọlé, àwòrán kásẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú 15: ẹ kó wọn sínú lẹ́tà sí ọlọ́jà, iléeṣẹ́ tó ṣe é àti NAFDAC ní Ìlọrin. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ láàbù ìṣègùn ní Nàìjíríà.

Àǹtí Ọmú-Àrán:
Àwọn tí ẹ ti sọ fún pé wọn ò ní ibà ńkọ́? Ẹ ṣí ìwé láàbù, ẹ pè wọ́n padà, ọmọdé ni kí ẹ fi ṣáájú.

Ọ̀fà:
Falciparum ni, mà. Àwọn mẹ́jọ yòókù ni a ń pè láti àárọ̀, márùn-ún ti gbé fóònù.