HOA ilé tí a fẹ́ rà ní Katy: ṣé bíi ti ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni?

Ìyá Dámi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Texas. A ti rí ilé kan ní Katy lẹ́bàá Houston, oníyàrá mẹ́rin, ọkàn mi sì ti lọ síbẹ̀. Àjẹ́ǹtì wa ní owó HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, jẹ́ $950 lọ́dún, ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Nígbà tí a wà ní Ìkòròdú, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù máa ń gba owó ọlọ́dẹ àti ti tiransifọ́mà. Ẹni tí kò bá san, ariwo nìkan ni wọ́n máa ń pa lé e lórí nípàdé. Ṣé irú ẹ̀ náà nìyí? Ohun tó ń já mi láyà ni pé bọ́ọ̀sì tí bàbá Dámi fi ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ iṣẹ́ lára gàdàgbà, iwájú ilé ló sì ń sùn. Èmi náà máa ń dín àkàrà àti ẹran fún àwọn olóde, iwájú gàréèjì ni mo ń gbé sítóòfù gáàsì sí.

Alàgbà Richmond:
Ìyá Dámi, ẹ kú ìnáwó ilé o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ HOA àdúgbò wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. $950 yẹn kọ́ ni kí ẹ máa wò. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù Ìkòròdú kò lè ta ilé yín, HOA Texas lè tà á. Òfin homestead, tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn téèyàn jẹ lówó gba ilé tó ń gbé, kò ká wọn, torí ẹ̀tọ́ wọn ti wà nínú ìwé ilẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Texas ti dá a bẹ́ẹ̀ láti 1987. Àmọ́ wọn ò lè tìtorí owó ìtanràn nìkan ta ilé, gbèsè owó ọdọọdún ló ń fa ìyẹn. Bí wọ́n bá tà á náà, onílé ní 180 ọjọ́ láti rà á padà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi lẹ́tà ìtajà ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì wá ńkọ́? Ẹ lọ ka deed restrictions àdúgbò yẹn, ìyẹn ìwé òfin tó de ilé àti ilẹ̀ ibẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé county (ìjọba ìbílẹ̀). Houston kò ní òfin zoning, tó ń sọ ohun téèyàn lè fi ilẹ̀ ṣe, ìwé yìí ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ wá ibi tó ti sọ nípa ọkọ̀ iṣẹ́ àti òwò inú ilé. Ní tiwa, ọkọ̀ tó ní orúkọ iṣẹ́ lára kò gbọ́dọ̀ sùn síta, bọ́ọ̀sì gíga kì í sì í wọ gàréèjì. Ẹni tí ilé iṣẹ́ alábòójútó ń rán wá máa ń rọra wakọ̀ kọjá ni, á na fóònù síta lójú fèrèsé: ó ya koríko tó ga, ó ya bíìnì tí ẹ gbàgbé síwájú ilé, ó lọ. Lẹ́tà pẹ̀lú fọ́tò ló máa ń tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ ní kí àjẹ́ǹtì gba resale certificate, ìwé tí HOA ń kọ nípa ilé tí wọ́n fẹ́ tà. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n gbà ju $375 lọ fún un. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí gbèsè tí ẹni tó ń tà jẹ, ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ àti ẹ̀sùn tí HOA ti fi kan ilé náà. Ọgbà tí ẹni tó ń tà á kùn láìgbàṣẹ, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kí ẹ tún un kùn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa sínú fọ́ọ̀mù TREC (àjọ ìjọba Texas lórí títa ilé àti ilẹ̀), ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé bá dé láti ní ẹ ò rà mọ́, kí earnest money yín, owó ìdánilójú tí ẹ kọ́kọ́ san, padà.

Nọ́ọ̀sì Sugar Land:
Ohun tí Alàgbà kò sọ ni pé báǹkì máa ń ka owó HOA mọ́ ìnáwó yín bí wọ́n bá ń wò ó bóyá ẹ lè san. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí nínú owó tí ẹ ń san fún báǹkì lóṣooṣù, nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀. MUD tún wà lọ́tọ̀ o, owó orí ilé tí wọ́n ń gbà torí omi àti ẹ̀gbin ni.

Bísí_H:
Katy àtijọ́ ṣì ní ilé tí kò ní HOA. Ilé á ti dàgbà díẹ̀, òrùlé á fẹ́ owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ya fọ́tò àwo àkàrà yín.

Ìyá Dámi:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí ìwé náà. Ọkọ̀ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ hàn sójú títì lálẹ́. Bàbá Dámi ní òun á háyà ibi tí òun á máa gbé e sí, mo ní èló lóṣù? Ó dákẹ́. Bísí, ẹ jọ̀ọ́, àdúgbò wo ní Katy àtijọ́?