Afàyàwọ́ ni yìnyín yìí, kì í ṣe òkè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè. Mo ti ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láàárọ̀, ti àpilẹ̀kọ nípa Glacier Bay, apá òkun kan ní Alaska, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n pe glacier, yìnyín ràbàtà tó ń rọra wọ́ lọ lórí ilẹ̀, ní "òkè yìnyín", wọ́n sì pe ibi tí ìjọba dáàbò bò ní "ọgbà ẹranko". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, méjèèjì ò wọ̀ mí létí.

Ṣebí àwa náà la máa ń sọ pé òkè méjì kì í pàdé. Àwọn yìnyín wọ̀nyí ń pàdé. Ọ̀kan á ti àfonífojì tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èkejì á ti tirẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á jọ máa lọ. Ẹ wo àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú: ìlà dúdú gbọọrọ wà láàárín funfun. Òkúta tí kálukú wọn ń wọ́ bọ̀ létí ara ló para pọ̀ di ìlà yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi "òkè yìnyín" sílẹ̀ fún ègé gàgàrà tó já sínú òkun tó ń léfòó.

Àwọn Tlingit, àwọn onílẹ̀, mọ̀ pé ó ń rìn. Ìtàn wọn ni pé yìnyín yìí sáré bí ajá wá bá àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n fi sá kúrò nílé. Nígbà tí George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Britain, kọjá níbẹ̀ ní 1794, yìnyín ṣì dí ibẹ̀ pa. Nígbà tí John Muir, òǹkọ̀wé nípa igbó àti òkè, fi máa dé ní 1879, yìnyín ti fà sẹ́yìn ju 30 máìlì lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn Tlingit fi ń pè é ní Sít' Eeti Gheeyí: apá òkun tó gbapò yìnyín.

Ẹnì kan dábàá "odò yìnyín". Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ odò tí ojú rẹ̀ dì ni etí máa gbọ́. "Omi dídì" ńkọ́? Rárá o. Kì í ṣe omi ló dì. Láti ojú sánmà ló ti ń bọ́, lọ́dọọdún, tí èyí tó wà lókè ń tẹ tìsàlẹ̀ títí ó fi le gbagidi. Ohun tó ń já bọ́ látòkè la sì ń pè ní yìnyín láti ilẹ̀ wá.

Tèmi ni "yìnyín afàyàwọ́". Àyà ló fi ń wọ́ lóòótọ́: ó ń ha àpáta nísàlẹ̀ ara rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, débi pé omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n po ẹfun sí. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Bẹ́ẹ̀ ni, fàyàwọ́ lẹrù tí kò gba ojú àwọn aṣọ́bodè kọjá. Yìnyín tó gbé òkúta orí òkè kan, tó lọ já a sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ máìlì síbẹ̀, ta ló bi í léèrè ìwé ẹrù? "Afàyàfà" ì bá dùn jù, àmọ́ ejò àti alángbá ti gbà á.

Ẹ dákun, ẹ yọ "yìnyín bí ọmọ màlúù" kúrò. Òyìnbó ló ní màlúù yẹn: "calve", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò tí màlúù bá bímọ, náà ni wọ́n ń lò tí ègé yìnyín bá ya bọ́ sómi. Yìnyín ya sómi, ó parí.

Ní ti ọgbà ẹranko, inú àhámọ́ ni ẹranko ń wà níbẹ̀, tí èèyàn ń wòran. Ní Glacier Bay, tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti 1925, èèyàn ni wọ́n ń ká lọ́wọ́ kò. Ọkọ̀ òkun akérò ńlá méjì péré ló lè wọlé lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Tó bá di oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ dé Johns Hopkins Inlet, ẹ̀ka kan lára apá òkun náà, torí pé orí ègé yìnyín tó ń léfòó níbẹ̀ ni àwọn séàlì, ẹranko inú òkun, ń bímọ sí. "Igbó" náà ò bá a mu, omi àti yìnyín ló pọ̀ níbẹ̀. "Ibi àdáàbòbò" ni mo rí mú, kò sì tíì dùn lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ní tó dáa jù, kó mú un wá.

Ó ku erinmi tí ẹ̀gbọ́n fi pe whale, ẹranko òkun gbàǹgbà tó ń tu omi sókè. Mo mọ̀ pé Bíbélì ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ erinmi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a mọ̀, òtútù omi yẹn á pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbùùbùtán ni kí ẹ kọ síbẹ̀.