Àṣekágbá kọ́nfáránsì: nílé ni, àbí ní pápá tí kì í ṣe tẹnikẹ́ni?

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì, kọ́nfáránsì ni àkójọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń bá ara wọn díje, àṣekágbá sì ni eré tó ń yan ẹni tó gba ife wọn. Ibo ló yẹ kí wọ́n ti máa gbá a? Ẹ jẹ́ ká mú ti kọ́nfáránsì Pac-12 ọdún 2012, torí ibẹ̀ ni ìṣòro gbígbá a nílé ti hàn jù. Òfin wọn nígbà náà ni pé ẹgbẹ́ tí èsì rẹ̀ bá dára jù ni yóò gbàlejò. Ní Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, Stanford na UCLA 35–17. Ká ní Stanford fìdí rẹmi ni, ilé Oregon tí wọ́n jọ ń du àyè náà, ní Eugene, ni àṣekágbá ì bá bọ́ sí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e sì leré, UCLA kan náà ni àlejò. Ọjọ́ mẹ́fà péré láti ta tíkẹ́ẹ̀tì, wá hòtẹ́ẹ̀lì fún àlejò àti àwọn oníbáńdì wọn, kí àwọn amóhùnmáwòrán sì kó kámẹ́rà dé. Òjò tún rọ̀. Pápá tó ń gba 50,000, nǹkan bí 31,000 ló wá. Stanford gbà á 27–24.

Lọ́dún 2014 wọ́n gbé e lọ sí pápá tí kì í ṣe tẹnikẹ́ni, Levi's Stadium ní Santa Clara. Oregon fọ́ Arizona 51–13, síbẹ̀ àga tó ṣófo pọ̀ lọ jàra. Kéèyàn mọ ìlú tẹ́lẹ̀ nìkan kò tó. Àfi kí ọ̀nà tún súnmọ́ àwọn olólùfẹ́. Ohun tí kọ́nfáránsì SEC ní nìyẹn: Atlanta ni wọ́n ti ń gbá tiwọn láti 1994, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ló sì lè wa mọ́tò débẹ̀.

—

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n Athens, ìlú ẹgbẹ́ Georgia tó wà nínú SEC, kò ju nǹkan bí kìlómítà 110 lọ sí Atlanta. Tí Georgia bá wọ̀ ọ́, orí ìwé nìkan ni pápá yẹn ti jẹ́ ti gbogbo ayé.

Ẹ ò sì tíì fọwọ́ kan ariwo. Bí ilé bá kún, quarterback àlejò, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá, á pariwo títí, center tó wà níwájú rẹ̀, tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i láti bẹ̀rẹ̀ eré, kò ní gbọ́. Quarterback á wá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Guard, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ center, tó ń wẹ̀yìn á rí i, á fọwọ́ kan center. Center á gbórí sókè, á ka ení nínú, á ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Àwọn tackle tó wà ní ìkangun kò gbọ́ nǹkan kan, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò, nítorí náà wọ́n á fi bíńtín pẹ́, bíńtín yẹn sì tó kí ẹni tó ń bọ̀ wá mú quarterback kọjá lára wọn. Èyí tó bá sáré ṣáájú bọ́ọ̀lù, false start ni, yáàdì 5 sẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ ení ni wọ́n ń kà ṣáá, àwọn onílé á mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kí wọ́n máa yí i sí èjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Indianapolis, níbi tí kọ́nfáránsì Big Ten ti ń gbá tiwọn láti 2011, ẹgbẹ́ méjèèjì ló máa ń kó èrò wá, ariwo kì í dá lé ẹnì kan lórí tó bẹ́ẹ̀.

—

Fún àwọn kọ́nfáránsì kéékèèké, ilé ló tọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mountain West ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti 2013. Boise State gba UNLV lálejò lọ́dún 2024, wọ́n nà wọ́n 21–7. Kí ni wọ́n fẹ́ fi pápá elérò 70,000 ṣe? Ṣùgbọ́n kí ilé ẹ̀kọ́ tó lè gbàlejò má dúró de Sátidé tó kẹ́yìn. Kó ti ta tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé owó kò ní kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà á àyàfi bí eré bá bọ́ sílé. Kí ẹgbẹ́ tó lè jẹ́ àlejò náà ti dá yàrá hòtẹ́ẹ̀lì dúró ní ìlú méjèèjì tí eré lè bọ́ sí, irú èyí tí wọ́n lè fagi lé láìsan owó ìtanràn.